Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ẹ̀rù èṣù ti ń bà mí ju bí mo ṣe ń bẹ̀rù Ọlọ́run lọ

Ìyá Ọmọ Méjì

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láìdá sí i, ṣùgbọ́n ohun tó wà lọ́kàn mi báyìí ti kọjá ohun tí mo lè dá gbé. Bó bá gùn, ẹ fàyè gbà mí.

Inú ilé Kristẹni ni wọ́n bí mi sí, mo sì fẹ́ràn àdúrà láti kékeré. Àmọ́ láti bí oṣù márùn-ún sẹ́yìn, bí mo bá ti kúnlẹ̀ báyìí, ọ̀rọ̀ burúkú sí Ọlọ́run á ṣàdédé sọ lọ́kàn mi. Ọ̀rọ̀ tí ẹnu mi ò lè tún sọ ni. Mi ò pè é, mi ò fẹ́ ẹ, bí mo sì ṣe ń lé e ló ṣe ń padà wá. Màá wá bẹ̀rẹ̀ àdúrà náà látìbẹ̀rẹ̀, torí mo gbà pé èyí tí mo ti gbà ti bàjẹ́. Ìgbà míì wà tí mo máa ń bẹ̀rẹ̀ Àdúrà Olúwa lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kí n tó dé "Àmín".

Mo sọ fún ẹnì kan tó ń darí àdúrà láàárín wa. Ó ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Pé mo ti ṣílẹ̀kùn fún èṣù níbì kan, kí n lọ wá ilẹ̀kùn náà. Àtìgbà yẹn ni mo ti ń wá a. Mo ti jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tí mo ṣẹ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, mo tún un jẹ́wọ́, mo tún un jẹ́wọ́. Mo ti gbààwẹ̀ débi pé òòyì ń kọ́ mi. Ìbáà ṣe àlá, ìbáà ṣe ariwo lórí òrùlé, ìbáà ṣe pé ara ọmọ gbóná, èṣù ni mo ń rí nínú gbogbo rẹ̀.

Ọkọ mi ní kí n fọkàn balẹ̀, pé kò sí ẹni tó ń jẹ́ èṣù, pé àkàwé lásán ni fún ìwà burúkú ọmọ ènìyàn. Onígbàgbọ́ lòun náà o. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò tù mí nínú, torí bí kò bá sí èṣù, a jẹ́ pé èmi gan-an ni mo ń bú Ọlọ́run nìyẹn.

Ta ni ọ̀tá yìí gan-an? Kí ló lè ṣe, kí ni kò lè ṣe? Báwo ni mo ṣe lè mọ èyí tó wá láti ọ̀dọ̀ rẹ̀, èyí tó wá láti inú ara mi, àti èyí tó jẹ́ pé bí ayé ṣe rí nìyẹn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣẹ̀sín.

Ajagun Àdúrà

Arábìnrin, ìdè ni. Ọjọ́ mọ́kànlélógún, àìjẹ àìmu títí oòrùn fi máa wọ̀. Ẹ dìde láàárín òru kí ẹ sì pàṣẹ fún un. Èṣù kì í fẹ̀lẹ̀ lọ.

Bàbá Olùkọ́

Ọmọ mi, kí a tó sọ ohunkóhun, jọ̀ọ́, jẹun lónìí. Arákùnrin Ajagun, mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló mú ọ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n a kì í fi ààwẹ̀ kún ààwẹ̀ ẹni tí òòyì ti ń kọ́.

Ó lé ní ogójì ọdún tí mo fi kọ́ni ní Bíbélì kí n tó fẹ̀yìn tì. Ohun tí mo rí ni pé ọ̀pọ̀ wa mọ ariwo èṣù ju bí a ṣe mọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Jẹ́ ká ti orí orúkọ bẹ̀rẹ̀. Lédè Hébérù, "sátánì" kì í kọ́kọ́ ṣe orúkọ ẹni. Alátakò ló túmọ̀ sí, ẹni tó dìde lòdì síni, pàápàá níbi ẹjọ́. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ lédè Hébérù nínú ìwé Jóòbù, "alátakò náà" ni wọ́n ń pè é. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí Májẹ̀mú Tuntun fi ń pè é, *diabolos*, abanijẹ́ ló jẹ́, ẹni tó ń fẹ̀sùn èké kanni. Ṣé o rí i pé ẹnu ni orúkọ méjèèjì ń tọ́ka sí? Ọ̀rọ̀ ni ohun ìjà rẹ̀. Olúwa wa náà pè é ní òpùrọ́ àti baba irọ́ ní Jòhánù 8:44.

Wá bá mi ka Sekaráyà orí kẹta. Jóṣúà olórí àlùfáà dúró níwájú áńgẹ́lì Olúwa, Sátánì sì dúró lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀ láti fẹ̀sùn kàn án. Ohun tó máa ń dá mi dúró níbẹ̀ ni pé aṣọ Jóṣúà dọ̀tí lóòótọ́. Ẹ̀sùn náà ní ibi tó fẹsẹ̀ lé. Ọlọ́run ò sì jiyàn pé aṣọ náà mọ́. Sátánì ni Ọlọ́run kọ́kọ́ bá wí, lẹ́yìn náà ni wọ́n bọ́ aṣọ ẹlẹ́gbin yẹn kúrò lọ́rùn Jóṣúà, wọ́n sì wọ èyí tó dára fún un. Jóṣúà fúnra rẹ̀ ò sọ gbólóhùn kan ṣoṣo nínú gbogbo ẹjọ́ náà. Kò rojọ́. Kò ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ láti ìgbà èwe. Mo fẹ́ kí o dúró síbẹ̀ yẹn dáadáa, ọmọ mi, torí ìwọ ti ń rojọ́ láti oṣù márùn-ún nílé ẹjọ́ tí wọ́n ti dá ẹjọ́ rẹ̀.

Ìfihàn 12:10 pe ọ̀tá yìí ní olùfisùn àwọn ará wa, tó ń fi wọ́n sùn lọ́sàn-án àti lóru. Ohùn tó ní kí o máa wá ilẹ̀kùn kiri lọ́sàn-án àti lóru, tó sì jẹ́ pé bí o bá ti rí ọ̀kan yóò tún ní òmíràn kù, ohùn ta lo rò pé ó jọ?

Ní ti ohun tí kò lè ṣe: ẹ̀dá ni. Kì í ṣe Ọlọ́run kejì tó burú. Kò sí níbi gbogbo, kò mọ ohun gbogbo. Nínú Jóòbù 1:12 àti 2:6, Ọlọ́run fa ààlà fún un lẹ́ẹ̀méjèèjì, kò sì lè kọjá ibẹ̀. Nínú Lúùkù 22:31, ó ní láti béèrè kó tó lè kù Pétérù bí àlìkámà, Jésù sì sọ fún Pétérù pé òun ti gbàdúrà fún un. Àdúrà ti ṣáájú ìdánwò débẹ̀.

Ìyá Ọmọ Méjì

Bàbá, ẹ ṣeun gan-an. Mo ka Sekaráyà yẹn, mo sunkún. Mi ò kíyè sí i rí pé aṣọ náà dọ̀tí ní tòótọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìwé Mímọ́

Bàbá, ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè. Wọ́n kọ́ wa pé Lùsífà ni orúkọ rẹ̀ nígbà tó ṣì jẹ́ áńgẹ́lì. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Bàbá Olùkọ́

Èdè Látìnì ni "lùsífà" ti wá. Ìràwọ̀ òwúrọ̀ ló túmọ̀ sí, inú Aísáyà 14:12 ló sì wà. Ṣùgbọ́n ka ẹsẹ kẹrin orí kan náà, ọba Bábílónì ni wolíì dojú òwe náà kọ, bí Esekíẹ́lì 28 náà ṣe dojú kọ ọba Tírè. Àwọn baba ìjọ, ìyẹn àwọn olùkọ́ ìjọ ìgbàanì, Origen wà lára wọn, ló wo ẹ̀yìn àwọn ọba wọ̀nyí tí wọ́n rí ìṣubú èṣù níbẹ̀, ọ̀pọ̀ Kristẹni sì gbà bẹ́ẹ̀ títí dòní. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ẹ̀. Ohun tó dá mi lójú ni pé Ìwé Mímọ́ ò sọ púpọ̀ nípa bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ohun tí a ó ṣe sí i ló sọ púpọ̀.

Àbúrò Akéwì

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un torí àwa tí Yorùbá jẹ́ èdè wa. Nígbà tí Ajayi Crowther àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ń túmọ̀ Bíbélì, orúkọ Èṣù ni wọ́n fi rọ́pò *diabolos*. Èṣù tí àwọn ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ mọ̀, ìránṣẹ́ Olódùmarè ni, kì í ṣe ọ̀tá Rẹ̀. Nítorí náà, bí a bá ń ka Bíbélì, ohun tí Bíbélì fúnra rẹ̀ sọ nípa ọ̀tá yìí ló yẹ kí a fi mọ̀ ọ́n, kí a má kàn gbára lé orúkọ tí a yá fún un.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí onígbàgbọ́ àti gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ ìlera.

Ohun tí ẹ ṣàlàyé yẹn ní orúkọ nílé ìwòsàn. OCD ni wọ́n ń pè é, àìsàn kan tí èrò tí èèyàn ò fẹ́ fi máa ń já wọ ọkàn rẹ̀ lemọ́lemọ́, tí onítọ̀hún á wá máa ṣe ohun kan náà ní àṣetúnṣe kí ara lè tù ú. Ẹlòmíì, ọwọ́ ló máa ń fọ̀. Ẹlòmíì, ilẹ̀kùn ló máa ń yẹ̀ wò bóyá ó ti tì í. Ti ẹlòmíì ló máa ń gba ọ̀nà ẹ̀sìn yọ: ìjẹ́wọ́ ní àjẹ́túnjẹ́, àdúrà ní àbẹ̀rẹ̀túnbẹ̀rẹ̀. Mi ò lè sọ láti ibí pé ohun tó ń ṣe yín gan-an nìyẹn. Dókítà ọpọlọ tàbí onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ló lè sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe kà á, ó jọ ọ́ púpọ̀.

Ó ṣe èmi náà rí, lẹ́yìn tí mo bí àkọ́bí mi. Èrò burúkú nípa ọmọ tí mo fẹ́ràn ju ẹ̀mí mi lọ. Mo rò pé mo ti ya ẹni burúkú. Dókítà tó tọ́jú mi ló là mí lóye: ohun tí ọkàn ẹni kórìíra jù lọ ni irú èrò bẹ́ẹ̀ máa ń mú. Ẹni tó fẹ́ràn ọmọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ ọmọ ni yóò mú wá. Ẹni tó bẹ̀rù Ọlọ́run, ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni. Nítorí náà, bó ṣe ń dùn yín tó yìí, ẹ̀rí ni pé kì í ṣe ìfẹ́ inú yín.

Ìdí tí kò fi lọ bí ẹ ṣe ń lé e náà wà. Bí ẹnì kan bá ní kí ẹ má ronú nípa ẹṣin funfun fún ìṣẹ́jú kan, ẹṣin yẹn lẹ máa rí. Ìgbàkígbà tí ẹ bá tún àdúrà bẹ̀rẹ̀, ẹ ń kọ́ ọpọlọ yín pé ewu gidi ni èrò yẹn, ọpọlọ á sì túbọ̀ máa ṣọ́ ọ. Ìtọ́jú wà fún un: irú ìfọ̀rọ̀wérọ̀ kan wà tí wọ́n fi ń kọ́ni láti jẹ́ kí èrò náà kọjá láìdá a lóhùn, oògùn sì wà bó bá nílò rẹ̀. Bó bá sì wá di pé ẹ ń ronú láti pa ara yín lára, ẹ má dúró de ọjọ́ kejì, ẹ lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Ajagun Àdúrà

Nọ́ọ̀sì, ṣé ẹ fẹ́ sọ pé èṣù ò lọ́wọ́ nínú ẹ̀ ni? Bíbélì sọ pé Sátánì ló de obìnrin tí kò lè nàró tó wà ní Lúùkù 13 fún ọdún méjìdínlógún.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Mo gba ti Lúùkù 13 gbọ́. Mo sì gba ti Jòhánù 9 gbọ́, níbi tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn ti ń wá ẹni tó ṣẹ̀ kí ọkùnrin kan tó fọ́jú láti inú ìyá rẹ̀, tí Jésù sì ní kì í ṣe ọkùnrin náà tàbí àwọn òbí rẹ̀ ló ṣẹ̀. Nígbà tí inú ń yọ Tímótíù lẹ́nu, Pọ́ọ̀lù ò lé ẹ̀mí kankan jáde, ó ní kó máa lo wáìnì díẹ̀ nítorí ikùn rẹ̀. Ọ̀tá lè wá dúró ti ẹni tó ń ṣàìsàn kó máa fẹ̀sùn kàn án. Ìyẹn ò sọ pé kí a má tọ́jú àìsàn náà.

Ọmọ Àgùdà

Nọ́ọ̀sì ti sọ ohun tó wà lọ́kàn mi. Nínú ìjọ tiwa, ètò wà fún lílé ẹ̀mí èṣù jáde, ọdún 1999 ni wọ́n tún ìwé ètò náà ṣe. Síbẹ̀ àlùfáà kan ò lè ṣe é fún ẹni tí wọ́n gbà pé ó ní ẹ̀mí èṣù láìgba àṣẹ bíṣọ́ọ̀bù, wọ́n sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wádìí pé kì í ṣe àìsàn. Ìjọ tó gbà pé èṣù wà ló ṣe òfin yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn Ignatius ti Loyola, ẹni mímọ́ kan nínú ìjọ wa, fún yín, torí mo rò pé ó máa ràn yín lọ́wọ́. Ní nǹkan bí ọdún 1522, lẹ́yìn tó ti fi ayé ológun sílẹ̀, ó wà ní Manresa ní Sípéènì, ó ń gbàdúrà fún wákàtí méje lójúmọ́. Ó ti jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, ó tiẹ̀ kọ wọ́n sílẹ̀. Síbẹ̀ ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀. Á rántí òmíràn, á padà lọ jẹ́wọ́, á tún rántí òmíràn. Ó burú débi pé ó ń ṣe é bíi kó pa ara rẹ̀. Ó wá pinnu pé òun ò ní jẹun títí Ọlọ́run yóò fi dá òun sílẹ̀, ó sì fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko gbààwẹ̀. Ẹni tó ń gbọ́ ìjẹ́wọ́ rẹ̀ ló pàṣẹ fún un pé kó jẹun, ó sì gbọ́. Nígbà tó yá ló wá yé e pé ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ àtijọ́ tó ń tún ṣe yẹn kì í ṣe ohun tí Ọlọ́run ń béèrè, ló bá jáwọ́ nínú rẹ̀ pátápátá.

Inú ìyà yẹn ló ti kọ́ ohun tó fi sílẹ̀ fún wa nípa bí a ṣe ń dá ẹ̀mí mọ̀. Ó ní ẹni tó ń wá Ọlọ́run tọkàntọkàn, ìṣe ọ̀tá ni láti máa gún ọkàn rẹ̀, kó bà á nínú jẹ́, kó fi ẹ̀tàn dí i lọ́nà. Ìṣe ẹ̀mí rere sì ni láti fún un ní ìgboyà àti àlàáfíà. Ó tún ní ọ̀tá fẹ́ràn àṣírí, pé bí a bá ti sọ ọ́ fún ẹni tó lóye, agbára rẹ̀ dínkù. Ohun tí ẹ ṣe lónìí nìyẹn.

Arábìnrin Olóòótọ́

Ẹ̀yin ará, mo fẹ́ dáhùn ìbéèrè rẹ̀ tó kẹ́yìn, bí a ṣe ń mọ èyí tó wá láti inú ara ẹni. Torí èmi ṣìnà ní òdìkejì tirẹ̀.

Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi bá àbúrò mi yodì. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí, mo máa ń ní èṣù ló wọ àárín wa. Mo gbàdúrà ìdáǹdè lórí ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Àmọ́ èmi ni mo sọ ọ̀rọ̀ tó dà á sílẹ̀, èmi ni mo kọ̀ láti bẹ̀ ẹ́. Éfésù 4:26-27 ló mú mi: ẹ má ṣe jẹ́ kí oòrùn wọ̀ bá ìbínú yín, ẹ má sì ṣe fi àyè fún èṣù. Mo ti ń wá èṣù nínú òru, ìbínú tí mo gbé sùn sì ni àyè tí mo fún un. Ọjọ́ tí mo lọ kúnlẹ̀ fún àbúrò mi, tí mo ní "mo jẹ̀bi", ọjọ́ yẹn ló parí.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ Ananáyà nínú Ìṣe 5. Ní ẹsẹ kẹta Pétérù bi í pé kí ló dé tí Sátánì fi kún ọkàn rẹ̀. Ní ẹsẹ kẹrin ó ní kí ló dé tí ìwọ fi rò ó lọ́kàn. Méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà! Ọ̀tá lè dámọ̀ràn, àmọ́ ọwọ́ ẹni la fi ń gbà á. Jákọ́bù 1:14 ò sì fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀: ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ ara ẹni ló ń fani lọ.

Nítorí náà, Ìyá Ọmọ Méjì, ìbéèrè tí mo máa ń bi ara mi nìyí: ṣé mo fẹ́ ẹ? Mo fẹ́ yodì yẹn, ó dùn mọ́ mi. Ẹ̀yin ò fẹ́ èrò yìí. Ohun tí ẹ kórìíra tí ẹ sì ń sá fún kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ yín. Nígbà tí ilé ìṣọ́ wó pa èèyàn méjìdínlógún ní Sílóámù, Jésù dárúkọ rẹ̀ nínú Lúùkù 13 láìfi kan èṣù, láìsì sọ pé àwọn tó kú ló burú jù. Ara ọmọ lè kàn gbóná.

Ẹni Tó Ń Rò Ó

Mo fẹ́ gbèjà ọkọ rẹ̀ díẹ̀, torí bó ṣe ń rò ó lèmi náà ṣe rò ó rí. Ó rí ìyàwó rẹ̀ tí ẹ̀rù ń pa, ó fẹ́ gba ohun tó ń dẹ́rù bà á kúrò níwájú rẹ̀. Àwọn Kristẹni tó ka èṣù sí àkàwé wà, wọn kì í ṣe aláìgbàgbọ́.

Ohun tó yí èmi lọ́kàn padà ni Àdúrà Olúwa fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó wà ní Mátíù 6:13 lè jẹ́ "ibi", ó sì lè jẹ́ "ẹni ibi nì". Bíbélì Yorùbá tí ọ̀pọ̀ wa fi dàgbà kọ "gbà wá lọ́wọ́ bìlísì". Nínú aginjù ní Mátíù 4, ẹnì kan ń bá Jésù jiyàn, ó ń fa Sáàmù 91 yọ, ó tiẹ̀ mọ̀ ọ́n kà. Mo wá rí i pé bí Olúwa mi bá bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀, mi ò gbọ́n jù Ú lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe dá a lóhùn: "A ti kọ̀wé rẹ̀ pé," lẹ́ẹ̀mẹta, látinú Diutarónómì, ó tán. Kò pariwo, kò bá a sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Bàbá Olùkọ́

Òótọ́ ni. Júúdà ẹsẹ 9 náà sọ pé Máíkẹ́lì olórí àwọn áńgẹ́lì ò bú èṣù, ó kàn ní "Olúwa ni yóò bá ọ wí". Ẹni tí a ń bá ná ọjà là ń wò, a kì í wo ariwo ọjà.

Ajagun Àdúrà

Arábìnrin, ẹ forí jì mí. Mo yára sọ̀rọ̀ kí n tó gbọ́ yín tán. Màá máa gbàdúrà fún yín, màá sì jẹun ní tèmi náà kí n lè gbà á dáadáa. Ẹ lọ rí dókítà.

Ìyá Ọmọ Méjì

Ọjọ́ mẹ́rin rèé tí mo ti kọ ọ̀rọ̀ yìí. Mo ti ń jẹun. Mo ka gbogbo ìdáhùn yín fún ọkọ mi létí ibùsùn, ó gbọ́ ìtàn Ignatius yẹn, ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, ó ní òun ò mọ̀ pé ó ti wúwo tó báyìí lọ́rùn mi. Òun ló máa sìn mí lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́bọ̀.

Lálẹ́ àná mo gba Àdúrà Olúwa pẹ̀lú àwọn ọmọ. Nígbà tí a dé "kí a bọ̀wọ̀ fún orúkọ rẹ", èrò yẹn tún já wọlé. Ọwọ́ mi gbọ̀n. Ọmọ mi kékeré di ọwọ́ náà mú, ó ń bá àdúrà lọ ní tiẹ̀, èmi náà sì tẹ̀ lé e. Mi ò padà sẹ́yìn. A dé "Àmín" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, a sì lọ sùn.